Kí Ló Ń Mú Akẹ́kọ̀ọ́ Yan Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní Yunifásítì?

Olùbéèrè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará mi. Mo ti parí ẹ̀kọ́ girama, àkókò sì ti tó fún mi láti yan ohun tí n óò kọ́ ní yunifásítì. Ọkàn mi fà sí ẹ̀kọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni àwọn tí mo bá sọ fún máa ń bi mí: kí ni mo fẹ́ fi ṣe, àti pé ṣé kì í ṣe ohun tí mo lè kà fúnra mi nílé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n ṣe ohun tí ọkàn mi bá fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni ìdí tí ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọ, tàbí tí ẹ ń kọ́ ọ lọ́wọ́, tàbí tí ẹ ń gba àwọn tó kọ́ ọ síṣẹ́, fi rò pé ó yẹ kí ènìyàn fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Bí ìdí bá wà tí kò fi yẹ, ẹ sọ ìyẹn náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó yàn. Ọdún àṣekágbá ni mo wà báyìí, mo sì ti rí i pé ohun tó ń gbé ènìyàn wá sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìtàn kì í sábà jẹ́ ohun tó ń mú un dúró síbẹ̀. Lára àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan wá nítorí olùkọ́ girama kan tó mọ ìtàn sọ débi pé wọn kì í fẹ́ kí aago lù. Àwọn mìíràn wá nítorí pé ogun lé àwọn òbí wọn àgbà kúrò nílùú, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó fa ogun náà gan-an. Àwọn kan sì wà tí wọn kò rí àyè ní ẹ̀ka òfin, tí wọ́n fi gba ìtàn. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kí sáà kìíní tó parí, a ti mọ ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò lọ, nítorí pé àríyànjiyàn lórí ẹ̀rí a máa dùn mọ́ àwọn kan, a sì máa sú àwọn mìíràn pátápátá.

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan tí wọ́n fún wa ṣàlàyé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1914, Gavrilo Princip yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrẹ̀mọ ìjọba Austria-Hungary, àti ìyàwó rẹ̀ ní ìlú Sarajevo. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí ọjọ́ náà, tàbí lórí ẹni tó yìnbọn. Ohun tí wọ́n ní kí a wádìí ni bí ikú ènìyàn méjì ṣe di Ogun Àgbáyé Kìíní láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Abala 231 nínú ìwé àdéhùn Versailles ti ọdún 1919 di ẹrù òfò ogun náà lé Jámánì àti àwọn tó bá a jà lórí. Ní ọdún 1961, Fritz Fischer, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jámánì, tú àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì fi wọ́n gbé e lẹ́sẹ̀ pé bí àwọn aláṣẹ Jámánì ṣe ń lépa agbára kó ipa ńlá nínú bí ogun náà ṣe bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ló sì bínú sí i. Àwọn mìíràn ń wo Rọ́ṣíà tó tètè kó ọmọ ogun jọ, tàbí Austria-Hungary tó ti pinnu láti fìyà jẹ Serbia, orílẹ̀-èdè tí ó dá lẹ́bi ikú náà. Olùkọ́ wa kò bi wá pé ta ló jàre. Ó ní kí a sọ ìwé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé, ibi tí ìwé náà lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dá mi lójú pé n kò ní kúrò níbẹ̀.

Òbí kan

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ọmọ tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn yóò di dókítà, èyí tó kọ́ òfin yóò di agbẹjọ́rò. Kí ni ọmọ tó kọ́ ìtàn yóò dà? N kò béèrè láti fi tàbùkù ẹ̀kọ́ náà rárá. Àwa òbí la máa ń san owó, àwa náà la sì máa ń bá ọmọ gbé ìrònú nígbà tí iṣẹ́ kò bá tètè yọjú.

Olùkọ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìtàn

Ìbéèrè òbí wa yìí tọ́, mo sì gbà pé ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ni yóò dáhùn rẹ̀ jù mí lọ. Ìbéèrè kejì, èyí tó sọ pé ènìyàn lè ka ìtàn fúnra rẹ̀ nílé, ni mo fẹ́ dá sí, nítorí òun ni mo máa ń gbọ́ jù, òun náà ni kì í sì í rí ìdáhùn tó péye.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé kan wà tí wọ́n ní Constantine, ọba ńlá Róòmù, kọ ní ọ̀rúndún kẹrin, tó fi àṣẹ lórí apá ìwọ̀-oòrùn ìjọba rẹ̀ lé Póòpù lọ́wọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ka ìwé náà, wọ́n fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí nígbà tí ọ̀rọ̀ agbára bá dé. Ní ọdún 1440, Lorenzo Valla, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó gbọ́ èdè Látìnì dé gbòǹgbò, jókòó ti ìwé náà, ó sì ń yẹ gbólóhùn inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé Látìnì inú rẹ̀ kò jọ èyí tí wọ́n ń kọ ní ayé Constantine. Ó rí orúkọ oyè tí àwọn ará Róòmù kì í fún ìjòyè tiwọn. Ó rí i pé ìwé náà ka Constantinople mọ́ àwọn ìlú tí olórí ìjọ fi ṣe ibùjókòó, nígbà tó jẹ́ pé ní àkókò tí wọ́n ní wọ́n kọ ọ́, ìlú náà kò tíì ní olórí ìjọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ tíì máa jẹ́ orúkọ yẹn. Ayédèrú ni ìwé náà. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ni wọ́n kọ ọ́.

Ẹ kíyè sí i pé Valla kò rí ìwé tuntun kankan. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti kà ni òun náà kà, ṣùgbọ́n ó bi í léèrè ohun tí àwọn yòókù kò bi í. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí Valla tó dé, Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní ọdún 1332, ti kọ ọ́ ní ọdún 1377 pé òpìtàn kò gbọdọ̀ gba ìròyìn kan wọlé kìkì nítorí pé ẹni iyì ló sọ ọ́, àfi kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ròyìn náà lè ṣẹlẹ̀ láwùjọ ènìyàn. Ó mú iye ọmọ ogun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ sílẹ̀, ó sì béèrè ilẹ̀ tí yóò gbà wọ́n, oúnjẹ tí yóò tó wọn, àti bí ẹni tó wà ní òpin ìlà kan ṣe máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òpin kejì.

Nítorí náà, ọmọ mi, o lè ka èso iṣẹ́ àwọn òpìtàn nílé, mo sì rọ̀ ọ́ pé kí o máa kà á. Èyí tó ṣòro láti dá kọ́ ni bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé ó gba kí ẹlòmíràn jókòó ní iwájú rẹ, kó ka àròkọ rẹ, kó sì fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn kan pé, “Báwo lo ṣe mọ èyí?” Nínú kíláàsì ìjíròrò tí akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí fún ìbéèrè yẹn. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ, títí yóò fi máa bi ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Nínú lẹ́tà àwọn tó ń wá àyè lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ló ń kọ pé láti kékeré ni àwọn ti fẹ́ràn ìtàn. Mo gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo máa ń tún kà lẹ́ẹ̀kejì ni ti ẹni tó dárúkọ ohun kan tó kà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá òbí wa lóhùn. Iṣẹ́ wa ni kí a máa wádìí ọ̀rọ̀ fún àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, mo sì ti gba àwọn tó kọ́ ìtàn síṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Òótọ́ kìíní ni pé ẹ̀kọ́ ìtàn kì í fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ bí ìmọ̀ ìṣègùn ti ń fúnni. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti wà lára ìwé-ẹ̀rí gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó wọlé, nítorí pé lẹ́yìn tó bá parí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn ohun tó lè ṣe.

Òótọ́ kejì ni pé ohun tó lè ṣe kò kéré. Bí mo bá gbé ìdìpọ̀ ìwé lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn ìwé náà ń ta ko ara wọn, tí àwọn kan kò ní ọjọ́, tí àwọn mìíràn sì sọnù láàárín, yóò tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, yóò mọ ibi tí àlàfo wà, yóò sì kọ ojú ìwé méjì fún mi tí oníbàárà wa lè kà yé. Ohun tí mo máa ń mọrírì jù ni pé yóò sọ fún mi láìbẹ̀rù pé ibi báyìí dá òun lójú, ibi báyìí kò dá òun lójú. Ìwà yìí ṣọ̀wọ́n níbi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó kọ́ ìtàn fi ń rí àyè nínú iṣẹ́ ìjọba, nínú ìròyìn, nínú ẹ̀kọ́ òfin tí wọ́n bá lọ ṣe lẹ́yìn oyè kìíní, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti nínú iṣẹ́ ìwádìí bíi tiwa.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa ka orúkọ àwọn ènìyàn ńlá tó kọ́ ìtàn. Eric Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn ní Oxford ní ọdún 1938 kó tó wá di olórí ìjọba àkọ́kọ́ fún Trinidad àti Tobago. Gordon Brown, tó di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Edinburgh. Joe Biden kọ́ ìtàn àti ìmọ̀ òṣèlú pọ̀ ní Delaware. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò, má ṣe gbé ìpinnu rẹ lé e, nítorí pé àwọn tó kọ́ ìtàn tí wọn kò di olórí ìjọba kò níye, orúkọ mẹ́ta kò sì lè ṣe ẹ̀rí fún gbogbo wọn. Bóyá iṣẹ́ ojoojúmọ́ ẹ̀kọ́ náà bá ìwà rẹ mu ni kí o wò.

Ẹni tó lọ sí ẹ̀ka mìíràn

Mo kọ́ ìtàn fún ọdún kan kí n tó bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ọkàn mi sì balẹ̀ níbi tí mo wà. Ìwé kíkà pọ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ènìyàn ní láti kà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò bá mi lára mu jù ni pé lẹ́yìn gbogbo ìwé kíkà náà, ìdáhùn kò ní jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn kan wà lára wa tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ àfi tí ìṣirò bá pé. Bí o bá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni o rí, kò sí ohun tó burú nínú kí o máa ka ìtàn ní àkókò ìsinmi, kí o sì fi ohun mìíràn ṣe oyè rẹ.

Òṣìṣẹ́ ilé àkójọ ìwé ìjọba

Inú mi dùn sí ìjíròrò yìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá máa ń wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí wọn. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí fáìlì, gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ ka lẹ́tà tó wà lókè lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró ná. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọjọ́ tí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì fi hàn pé ó dé. Kí wọ́n wo orúkọ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, àti àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Kí wọ́n wo ohun tí ẹnìkan fi pẹ́ńsùlù kọ sí etí ìwé. Lẹ́tà kan lè sọ pé nǹkan ń lọ déédéé ní àgọ́ àtìmọ́lé kan, kí ọwọ́ pẹ́ńsùlù etí rẹ̀ sì máa béèrè ìdí tí iye ènìyàn fi dín sí ti oṣù tó kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ka ìwé ìjọba bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ yìí kò kan àwọn alààyè, ẹ jẹ́ kó wo ẹjọ́ Mau Mau, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó dìde sí ìjọba amúnisìn ní Kẹ́ńyà. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí àtìmọ́lé ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì fi ìyà tó burú jáì jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2009, àwọn àgbàlagbà márùn-ún tó la ìyà náà já gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní London. Àwọn òpìtàn David Anderson, Caroline Elkins àti Huw Bennett fi ìmọ̀ wọn ran ẹjọ́ náà lọ́wọ́, ara ohun tó sì jáde ni pé àwọn fáìlì kan wà tí wọ́n kó kúrò ní Kẹ́ńyà kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira ní 1963, tí ẹnikẹ́ni kò rí ní ilé àkójọ ìwé. Ní ọdún 2011, ìjọba jẹ́wọ́ pé àwọn fáìlì náà wà ní ìpamọ́ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Hanslope Park, pẹ̀lú ti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ṣàkóso rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti san mílíọ̀nù 19.9 pọ́n-ùn fún ètò ìtánràn tó kan àwọn ọmọ Kẹ́ńyà 5,228. Àwọn tí wọ́n jìyà náà kò nílò òpìtàn kankan láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ilé ẹjọ́ ló nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka fáìlì, tó sì mọ̀ pé fáìlì kan kò sí níbi tó yẹ kó wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè kejì

Ìdí kan wà tí a kò tíì mẹ́nu bà, òun ló sì gbé èmi wá. Ní ọdún 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, sọ pé kò sí ìtàn Áfíríkà tí a lè kọ́ni nígbà náà, tàbí pé díẹ̀ báyìí ló wà, àti pé ìtàn àwọn ará Yúróòpù ní Áfíríkà nìkan ló wà. Ẹni tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn baba ńlá rẹ̀ lè bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n ìbínú kò lè kọ ìtàn. Kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, Kenneth Dike, òpìtàn ọmọ Nàìjíríà, ti tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu odò Ọya jáde ní 1956, nínú èyí tó ti lo ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ fún ọmọ wọn pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìjọba. Jan Vansina, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, náà sì ti ṣàlàyé ní 1961 bí a ṣe lè yẹ ìtàn àtẹnudẹ́nu wò gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń yẹ ìwé wò: ta ló ń sọ ọ́, ọ̀dọ̀ ta ló ti gbọ́ ọ, ìdílé wo ló jèrè nínú bó ṣe ń sọ ọ́, báwo ni ìdílé tó bá wọn dupò ṣe ń sọ tiwọn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òfin yìí ló de ìwé, òun náà ló de ẹnu. Ní 1964, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtàn gbogbo Áfíríkà, èyí tó di ìdìpọ̀ ìwé mẹ́jọ, tí àwọn òpìtàn Áfíríkà fúnra wọn sì kó ipa tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn òpìtàn tó kó àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó gbé ẹrú la òkun Àtìláńtíìkì kọjá jọ sórí kọ̀ǹpútà ti dé ìrìn àjò tó lé ní 36,000. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ láti Áfíríkà, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 sì dé òdìkejì òkun láàyè. Iye tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni àwọn tó kú sójú omi. Mo ti jókòó ti àkójọ yẹn rí, mo ń ka orúkọ ọkọ̀, èbúté tó ti gbéra, iye tó kó àti iye tó sọ̀ kalẹ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà, n kò sì mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tó ń béèrè kí ènìyàn ṣe ìṣirò pẹ̀lú irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, síbẹ̀ kí ìṣirò náà má ṣe yẹ̀.

Oníròyìn kan

Trevor-Roper tí ẹ dárúkọ yìí tún wà nínú ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kí àbúrò wa mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1983, ìwé ìròyìn Stern ní Jámánì kéde pé ìwé tí Hitler ń kọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ sí ti bọ́ sí àwọn lọ́wọ́. Trevor-Roper kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i, kó tó di pé iyèméjì dé bá a. Àwọn tó yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé náà wò ní ó bá ti Hitler mu, ṣùgbọ́n lára àwọn ìwé tí wọ́n kó fún wọn láti fi ṣe àfiwé, Konrad Kujau tó ṣe ayédèrú náà ló kọ àwọn kan. Nígbà tí ilé àkójọ ìwé àpapọ̀ ilẹ̀ Jámánì yẹ bébà rẹ̀ wò, wọ́n bá èròjà ìfunfun kan níbẹ̀ tí àwọn oníbébà kò lò títí Hitler fi kú. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tú.

Mo máa ń rántí èyí nígbà tí àwòrán kan bá dé tábìlì wa tí wọ́n ní ojú ogun ni wọ́n ti yà á. Ìbéèrè kìíní wa ni bóyá ohun tí a fẹ́ fi dán an wò ti orísun kan náà wá. Àwọn tó kọ́ ìtàn lára wa ló máa ń kọ́kọ́ béèrè rẹ̀, bí ẹ̀rọ sì ti ń dá ya àwòrán fúnra rẹ̀ báyìí, a nílò wọn ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọba àti ogun nìkan ni ìtàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti wọ Philadelphia, ìlú náà ṣe ìwọ́de láti fi wá owó ogun, nǹkan bí ènìyàn 200,000 sì jáde. Kò pẹ́ tí ilé ìwòsàn fi kún. Ìlú St. Louis, ní tirẹ̀, tètè ti ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ilé eré pa, òkú tí wọ́n sì sin kéré sí ti Philadelphia gan-an bí a bá wo iye ènìyàn tó wà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2007, Howard Markel tó jẹ́ òpìtàn ìmọ̀ ìṣègùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìlú 43 ní Amẹ́ríkà, èyí tó fi hàn pé àwọn ìlú tó tètè gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀, ni ikú dín kù ní. Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àkọsílẹ̀ ìlú ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rí wọn jọ. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ìlera ka ìwádìí náà gidigidi nígbà tí àrùn COVID-19 dé.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó kù ìbéèrè méjì. Ọ̀nà wo ni mo lè fi dán ara mi wò kí n tó fi orúkọ sílẹ̀? Àti pé ṣé kí n kọ́ ìtàn nìkan, tàbí kí n fi ohun mìíràn kún un?

Olùkọ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìtàn

Mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí o rò pé o mọ̀ dáadáa. Wá ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ nípa rẹ̀, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ ti ẹni tó wà láyé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí ibi tí ẹnu wọn kò ti kò àti ohun tí o rò pé ó fà á. Má ṣe kọ bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe lọ, nítorí ìyẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń sá lọ kọ. Bí o bá parí rẹ̀ tí o ṣì ń wá ìwé kẹrin, o ti mọ ìdáhùn rẹ. Bí ó bá sú ọ láàárín méjì, ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ sí ẹ̀ka ìṣirò owó ni kí o tún kà, nítorí pé ìmọ̀ràn gidi ló fún ọ.

Lẹ́yìn náà, má ṣe yan yunifásítì nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan. Béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń wà nínú kíláàsì ìjíròrò, bóyá wọ́n ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ ní ọdún àṣekágbá, àti bóyá wọ́n ń mú wọn lọ sí ilé àkójọ ìwé ṣáájú ìgbà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá

Lórí ìbéèrè kejì, àbúrò, èmi gbà ọ́ níyànjú pé kí o fi èdè kún un bí ọ̀nà bá wà. Ẹnìkan nínú kíláàsì wa fẹ́ràn ìtàn ìjọba Ottoman tó ṣàkóso ilẹ̀ Tọ́kì tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́ èdè Tọ́kì láti ilé, ṣùgbọ́n ọdún 1928 ni ilẹ̀ Tọ́kì fi álífábẹ́ẹ̀tì Látìnì rọ́pò ti Lárúbáwá tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò lè ka lẹ́tà tí baba baba ẹnikẹ́ni kọ àfi kó lọ kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì náà àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu ènìyàn mọ́. Ọdún kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó lè ka àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nígbà tí àwa yòókù ń wá ohun tí ẹlòmíràn ti túmọ̀. Bí èdè kò bá wù ọ́, ìmọ̀ ìṣirò ẹ̀rí (statistics) tàbí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé dára púpọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bá àkójọ nọ́ńbà ṣiṣẹ́. Nígbà tí o bá ń kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ náà, bi wọ́n bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè tí o bá yàn, tàbí wọ́n retí pé kí o ti máa kà á kí o tó dé, nítorí pé ìdáhùn wọn lè yí ohun tí o máa ṣe ní oṣù tó ń bọ̀ padà.